Ojúmìító: Iṣẹ́ Ọgbọ̀n Ọdún Tí Ọ̀rọ̀ Kan Fẹ́rẹ̀ẹ́ Bà Jẹ́

Tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ-ọmọ mi pé iṣẹ́ wo ni màmá àgbà wọn ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, wọ́n á ní tíṣà ni. Irọ́ ni. Mi ò kọ́ ọmọ kankan ní ìṣirò rí. Iṣẹ́ tí mo fi ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ ṣe ni pé mo ń wọn ìfẹ́ àtimọ̀ nínú àwọn ọmọ ilé-ìwé girama. Àwọn kan ń wọn aṣọ, àwọn kan ń wọn ilẹ̀, èmi ń wọn bó ṣe ń wu ọmọ tó láti mọ ohun tí kò mọ̀. Ọkọ mi olóògbé kì í yé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Tí mo bá ń múra láàárọ̀, á ní, "Rísíkátù, ṣé o ti mú tépù dání?" Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ tèmi, nítorí iṣẹ́ náà dùn, ó sì gbé mi níyì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí mo fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ gba yàrá sáyẹ́ǹsì lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìlú mi, ìyẹn náà ni mo sì fẹ́ sọ.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí. Ìyá mi ń ta ẹja létí ọ̀sà, bàbá mi ń dẹ àwọ̀n. Bí mo ṣe ríṣẹ́ ò ní ìtàn púpọ̀ nínú. Mo jáde nílé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, mo kọ lẹ́tà, wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì kan ní Ìkòròdú tó ń ṣe ìwádìí láwọn ilé-ìwé, wọ́n bi mí ní nǹkan mẹ́rin, wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Owó oṣù ò pọ̀, àmọ́ ó ń wọlé. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀. Ọ̀gá tí wọ́n fi mí lé lọ́wọ́ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìyáàfin Adésànwò lorúkọ wọn. Obìnrin kúkúrú ni wọ́n, wọ́n máa ń ki pẹ́ńsùlù sínú irun, wọn kì í pariwo, wọn kì í sì í bú èèyàn. Síbẹ̀, tí a bá ti gbọ́ ìró bàtà wọn, kálukú á ti tún ìjókòó ṣe. Lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, wọ́n wò mí látòkè délẹ̀.

"Ṣé o lè dákẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Fún oṣù mẹ́fà?"

Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo fi jókòó sẹ́yìn kíláàsì, láti Ìkòròdú títí dé Ìmọ́ta, pẹ̀lú ìwé lórí itan. Tí olùkọ́ bá mú nǹkan tuntun wọlé, iṣẹ́ mi ni kí n kọ ohun tí àwọn ọmọ ń ṣe: ẹni tó na ọrùn, ẹni tó fọwọ́ kàn án, ẹni tó padà wá wò ó nígbà tí àwọn yòókù ti sáré lọ jẹun. Mi ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín, mi ò gbọ́dọ̀ mi orí. Èmi tí ẹnu mi kì í dúró! Mo ro iṣẹ́ náà pin ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Lọ́jọ́ kan ní Ìmọ́ta, ọmọbìnrin kan tú bírò rẹ̀ palẹ̀ pátápátá láti mọ ibi tí yíǹkì máa ń lọ. Inú mi dùn débi pé mo mi orí sí i. Ọ̀gá mi rí mi láti ẹnu ọ̀nà. A wọkọ̀ padà. Bí a ṣe bọ́ sílẹ̀ ní Agric, ibùdókọ̀ kan ní Ìkòròdú, ni wọ́n bi mí.

"Kí ló dé tó o fi mi orí?"

"Ó wù mí ni mà. Ọmọ náà gbọ́n."

"Ó rí ẹ. Látìgbà tó ti rí ẹ, kì í ṣe bírò ló ń wò mọ́, ojú ẹ ló ń wò. Kò sí bí a ṣe máa mọ èyí tó ń wù ú nínú méjèèjì. Fa ojú ìwé yẹn ya."

Iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko! Mo fà á ya, mo sì sunkún délé. Ó tó ọdún mélòó kan kí n tó gbà pé wọ́n jàre.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ni wọ́n tó jẹ́ kí n kọ ìbéèrè, òfin wọn kan sì wà lórí ìyẹn náà. Ìbéèrè kankan ò gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ọmọ ilé-ìwé àfi tí a bá ti kà á sétí ẹni mẹ́ta tí kì í ṣe ará ọ́fíìsì. Tí ẹni mẹ́ta yẹn bá gbọ́ ọ sí ọ̀nà mẹ́ta, ọ̀gá mi á ní, "Ìbéèrè mẹ́ta lo kọ, kì í ṣe ọ̀kan. Padà lọ jókòó." Agric ni mo máa ń lọ. Màá dúró ti ẹni tó ń ta búrẹ́dì, màá dúró ti ẹni tó ń dúró de ọkọ̀, wọ́n á rò pé orí mi ò pé. Ẹni tó mọ̀ ọ́n jù níbẹ̀ ni bàbá kan tó ń tún bàtà ṣe. Á gbé bàtà lé orúnkún, á gbọ́ mi tán, á wá ní, "Ánti, ìbéèrè yín ti sọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ kí n dáhùn. Ẹ lọ tún un ṣe." Mo máa ń bínú sí i gidigidi, mo sì máa ń lọ tún un ṣe.

Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún nìyẹn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, sítẹ́nsù la fi ń tẹ ìbéèrè, ìwé tí ẹ̀rọ máa ń gún lẹ́tà sí kí yíǹkì lè gba ojú ihò rẹ̀ kọjá. Tẹ́ ẹ bá ṣi lẹ́tà kan tẹ̀, wàhálà ni láti tún un ṣe, nítorí náà èèyàn máa ń rò ó dáadáa kó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Yíǹkì rẹ̀ kì í tètè kúrò lọ́wọ́, mo ti fi ọwọ́ dúdú kí àna mi rí. Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà dé, a ò fọwọ́ ka èsì mọ́. Lẹ́yìn náà ni tábúlẹ́ẹ̀tì dé, ohun pẹlẹbẹ bíi fóònù ńlá. Ọmọ á fìka kan èyí tó bá wù ú, èsì á ti dé ọ́fíìsì kí n tó wọkọ̀ padà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ o, mi ò ní parọ́. Nígbà yẹn, Ìyáàfin Adésànwò ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ń gbé ilé wọn ní Èbúté Ìkòròdú, èmi sì ti di ọ̀gá. Wọ́n ti ń pè mí ní Alhaja. Orí mi ti ń wú díẹ̀.

Àsìkò yẹn ni àwọn onínúure kan dé. Wọ́n fẹ́ kọ́ yàrá sáyẹ́ǹsì kan ṣoṣo pẹ̀lú gbogbo ohun èlò inú rẹ̀, wọ́n sì ní ilé-ìwé tí ìfẹ́ àtimọ̀ bá pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ni àwọn máa kọ́ ọ fún. Ilé-ìwé méjì ló kù sídìí ọ̀rọ̀ náà, ọ̀kan nítòsí Agric, ọ̀kan ní Ẹ̀pẹ́. Ti Ẹ̀pẹ́ yẹn, àwòrán ìgò inú ìwé ni wọ́n fi ń kọ́ sáyẹ́ǹsì níbẹ̀. Ẹni tó jẹ́ alága wọn, Ọ̀gbẹ́ni Báńkọ́lé, ní kí n wá wọ̀n wọ́n.

Gẹ̀ẹ́sì ni ìbéèrè náà. Ọ̀gá ilé-ìwé Ẹ̀pẹ́ bẹ̀ mí pé Yorùbá á rọrùn fún àwọn ọmọ tòun jù, mo ní kò burú. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo fi túmọ̀ gbogbo rẹ̀. Ṣé mo kà á sétí ẹni mẹ́ta? Mi ò kà á sétí ẹnì kan. Ìdánwò ku ọ̀la, ọ̀rọ̀ inú tábúlẹ́ẹ̀tì ò ju kí n tẹ bọ́tìnnì lọ, mo sì ń sọ lọ́kàn mi pé, "Èmi ọmọ Ẹ̀pẹ́, ta ló fẹ́ kọ́ mi ní Yorùbá?"

Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí ọmọ sọ bóyá ó jẹ́ ẹni tó ń fẹ́ mọ nǹkan, mo kọ ọ́ pé: "Mo jẹ́ olójúmìító." Mo tún kọ ọ́ pé: "Mo máa ń bi àwọn àgbà léèrè ìdí tí wọ́n fi ń ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe." Mo tún kọ: "Tí mo bá rí ohun tí wọ́n dé, mo máa ń fẹ́ ṣí i wò." Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ọmọ mú ọ̀kan.

Àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ ṣe é wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí mo ṣe ń kó ẹrù mi, ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Mújídátù tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà. Ta ló ń ka ìdáhùn náà? Báwo ló ṣe ń dé Ìkòròdú láìsí wáyà? Tí òjò bá ń rọ̀, ṣé ó máa ń dé pẹ́? Kí ló dé tí a ò kọ orúkọ? Mo dá a lóhùn méjì, mo ní ọkọ̀ ń dúró dè mí. Ẹ wò mí! Ohun tí mo wá wọ̀n dúró níwájú mi, ó ń fa aṣọ mi, mo ní ọkọ̀ ń dúró dè mí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, alága pè mí lórí fóònù.

"Alhaja, ẹ kúuṣẹ́ o. Ti Agric ló gbà á. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ yìí, ó kéré jù! Gbogbo ẹ̀ ni bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó jọ pé kò sóhun tó ń wu àwọn ọmọ yẹn láti mọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Ìgbà yẹn ni mo rántí Mújídátù. Kò bá ara mu. Ọmọ tó lè béèrè bí òjò ṣe ń ṣe sí tábúlẹ́ẹ̀tì, báwo ló ṣe máa jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ láti òkè délẹ̀? Mi ò tiẹ̀ jẹun tán, mo gba Ẹ̀pẹ́ lọ.

Mo dúró níwájú kíláàsì, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ojúmìító?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin kan ní, "Àmẹ́bọ ni mà!" Mújídátù nawọ́ sókè, ó ní, "Kéèyàn máa yọjú sọ́rọ̀ tí ò kàn án ni mà. Mọ́mì mi ní táwọn bá tún rí mi nídìí ojúmìító, àwọn máa gbá mi létí."

"Kí ẹ bi àgbà ní ìdí tó fi ń ṣe nǹkan ńkọ́?"

"Háà! Àrífín ni mà."

"Kí ẹ ṣí ohun tí wọ́n dé wò?"

Ariwo sọ. "Olè ni mà! Wọ́n á ní a fẹ́ yọ ẹran nínú ìkòkò!"

Ojú tì mí débi pé mo ní láti jókòó. Mo rò pé ìfẹ́ àtimọ̀ ni mo béèrè lọ́wọ́ wọn. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé: ṣé aṣòfófó ni ẹ́, ṣé o máa ń rí àgbà fín, ṣé o máa ń jí ẹran? Àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa sì dáhùn pé rárá o. Àwọn ọmọ Agric, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kà ní tiwọn, kò sẹ́ni tó bú wọn. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé èmi náà mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ìyá mi máa ń pariwo rẹ̀ lé mi lórí tí mo bá ti ń rọ́ sídìí àwọn àgbà tó ń sọ̀rọ̀: "Olójúmìító, kọjá síbẹ̀ yẹn!" Kò sígbà tí mo gbọ́ ọ rí tó jẹ́ ìyìn.

Èbúté ni mo ti ibẹ̀ lọ. Ìyáàfin Adésànwò ti darúgbó, igi ni wọ́n fi ń rìn, ṣùgbọ́n pẹ́ńsùlù ṣì wà nínú irun wọn. Mo kúnlẹ̀, mo sì rò ó látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbọ́ mi tán.

"Ẹni mẹ́ta wo lo kà á fún?"

"Mi ò kà á fún ẹnikẹ́ni mà."

Mo ń retí kí wọ́n sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí mi. Wọ́n kàn na igi wọn sí mi kí n dì í mú.

"Dìde. Ta ló mọ̀?"

"Èmi àti ẹ̀yin nìkan mà."

"Lọ sọ fún alága yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú. Kó o ní ìwọ lo ṣe é, má di ẹ̀bi ru tábúlẹ́ẹ̀tì. Tó o bá sọ tán, padà wá ká wá nǹkan ṣe."

Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí mo fi wọ ọ́fíìsì Ọ̀gbẹ́ni Báńkọ́lé. Mo ní, "Alága, èmi ni mo kọ̀wé yẹn, mo sì kọ ọ́ dà rú. Ìwà ọmọlúàbí ni mo wọ̀n ní Ẹ̀pẹ́, kì í ṣe ìfẹ́ àtimọ̀." Ó tẹjú mọ́ mi. Ó ní àwọn ti sọ fún àwọn ará Agric, pé kí ló dé tí òun ò fi ní rò pé mo ń gbè sẹ́yìn ìlú mi? Mo ní kò burú tó bá rò bẹ́ẹ̀. Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan, kó sì wá fojú ara rẹ̀ rí i ní ilé-ìwé méjèèjì. Ó pẹ́ kó tó gbà. Nígbà tó gbà tán, ó ní tí kò bá yàtọ̀, kí n má tún pe òun mọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n gbé ìgèrè, pàkúté ẹja yẹn, síwájú àwọn ọmọ. Ìyáàfin Adésànwò kọ̀. "Àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ ti mọ ìgèrè láti inú oyún. Àwọn ti Agric ńkọ́? Wá ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀." Bí a ṣe gba ọ̀dọ̀ káfíńtà kan lọ nìyẹn. A ní kó kan àpótí kan, kó fi nǹkan sínú rẹ̀, kó kàn án pa, kó má sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo béèrè bóyá kí èmi nìkan mọ̀. Ọ̀gá mi ní, "Ìwọ gan-an ni kò gbọ́dọ̀ mọ̀, nítorí ojú ẹ kì í pa àṣírí mọ́."

Bí a ṣe ṣètò rẹ̀ nìyí. A gbé àpótí sórí tábìlì, a gbé àpò kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a fún àwọn ọmọ ní ìwé pélébé. Kí wọ́n gbé e, kí wọ́n mì í, kí wọ́n kọ ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ béèrè nípa rẹ̀ lédè tó bá wù wọ́n, kí wọ́n jù ú sínú àpò láìkọ orúkọ. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo àgbàlagbà jáde. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Ọmọ tiwa kì í béèrè nǹkan lójú àgbà, ìyẹn ò sì ní kó má fẹ́ mọ̀. Kì í ṣe ẹni tó kọ púpọ̀ la fẹ́, bí kò ṣe ìbéèrè tó fi hàn pé ọmọ náà ti fọwọ́ ṣe nǹkan kó tó kọ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kí n tó gbé e lọ, mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ fún àwọn ọmọ sétí ẹni mẹ́ta ní Agric. Ẹni kẹta ní kí n ṣàlàyé ibì kan dáadáa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó fún mi lówó.

A ṣe ti Agric lákọ̀ọ́kọ́. Wọ́n gbìyànjú, wọ́n ṣe é dáadáa, ìbéèrè gidi wà nínú àpò wọn. Ọjọ́ kejì la dé Ẹ̀pẹ́. Èmi, alága àti ọ̀gá ilé-ìwé jókòó sábẹ́ igi níta. Lẹ́yìn náà la gbọ́ tí àpótí dún gbì. Ẹnì kan ní, "Dojú ẹ̀ délẹ̀!" Ẹlòmíràn ní, "Rárá, fẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀, kí gbogbo yín dákẹ́!" Kò pẹ́ tí ọmọ kan fi yọrí lójú fèrèsé pé ìwé ti tán. Mo fún wọn sí i. Ó tún tán. Ọ̀gá ilé-ìwé dìde, ó lọ ya ìwé tirẹ̀ sí wẹ́wẹ́.

Nígbà tí a tú àpò, alága fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. "Kí ló dé tó ń dún tá a bá dojú ẹ̀ délẹ̀, tí kì í dún tá a bá fẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀?" "Ṣé nǹkan kan ni àbí méjì, nítorí ó dún lẹ́ẹ̀mejì?" "Tó bá jẹ́ pé ó yípo, kí ló dé tó fi dúró lójijì?" "Tá a bá gbé e sórí ọ̀sà, ẹ̀gbẹ́ wo ló máa rì jù?" Ó kà á títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tó yá ó gbé àpótí náà, ó mì í sétí, ó sì kọjú sí mi.

"Alhaja, kí ló tiẹ̀ wà nínú ẹ̀ gan-an?"

"Mi ò mọ̀, alága."

"Ẹ ẹ̀ mọ̀ kẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú mi. Kí n tó délé lọ́jọ́ yẹn, ó ti pè mí pé Ẹ̀pẹ́ ló gba yàrá sáyẹ́ǹsì, pé òun á bá àwọn ará Agric sọ̀rọ̀ fúnra òun, òun ò sì ní gbàgbé tiwọn lọ́jọ́ iwájú. Mo pe Ìyáàfin Adésànwò. Wọ́n ní, "Ó dáa." Ọ̀rọ̀ méjì péré, ẹ̀yin èèyàn mi! Nínú gbogbo ọdún tí mo fi mọ̀ wọ́n, wọn ò sọ ọ́ fún mi rí.

Ó ku oṣù méjì kí n fẹ̀yìn tì nígbà tí wọ́n ṣí yàrá náà. Àwọn òbí kún ibẹ̀ bámúbámú. Alága wọ agbádá ńlá, ó gbé àpótí náà sórí tábìlì tuntun, ó gba òòlù lọ́wọ́ káfíńtà, ó ní, "Lónìí la máa ṣí i! Àpótí yìí ò jẹ́ kí n gbádùn láti ọjọ́ yẹn." Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Ó gbé òòlù sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má ṣí i!"

Mújídátù ni. Kíá ni gbogbo kíláàsì gbè é: "Ẹ má ṣí i sà!" Ìyá rẹ̀ fò dìde lẹ́yìn. "Mújídátù! Ṣé àgbà lò ń sọ bẹ́ẹ̀ fún?" Ọmọ náà ti kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀ tó sọ̀rọ̀ tán, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò dúró. "Ẹ má bínú sà. A ti ní òṣùwọ̀n báyìí, a sì ti ní irin òòfà. Tí ẹ bá ṣí i, ẹ̀yin lẹ máa mọ̀ ọ́n fún wa nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fúnra wa wá a rí."

Alága wo ọmọ náà lórí ìkúnlẹ̀, ó wo àpótí. Ó dá òòlù padà fún káfíńtà, ó ká ọwọ́ agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó fa Mújídátù dìde, ó ní, "Ó dáa, sún díẹ̀ fún mi. Kí la máa kọ́kọ́ wọ̀n?"